Wọ́n ti san gbèsè ẹ, kí lo tún ń wá lóko olówó?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa sà. Ọmọ ọdún 33 ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé, jẹnẹrétọ̀ ni mò ń tún ṣe, mo sì wà nínú kúáyà ṣọ́ọ̀ṣì wa. Pásítọ̀ wa ní kí n bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní Sọ́ńdè tó sún mọ́ October 1, àkòrí tí wọ́n fún mi ni òmìnira orílẹ̀-èdè àti òmìnira kúrò nínú ẹ̀ṣẹ̀. Sà, ojú ń tì mí. Ọdún 2014 ni mo gba Jésù, wọ́n ṣèrìbọmi fún mi, àmọ́ ó ti tó ọdún mẹ́rin báyìí tí tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ti dì mí mú. Mo ti dáwọ́ dúró bí ẹ̀ẹ̀mẹfà, mo tún ń padà síbẹ̀. Owó iléèwé ọmọ mi ni mo fi ta á lóṣù tó kọjá, ìyàwó mi ò mọ̀. Ṣé mo ti dòmìnira ni àbí mi ò tíì dòmìnira? Kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn ọmọ yẹn? Ẹ̀gbọ́n mi kan tiẹ̀ sọ pé kò sóhun tó ń jẹ́ òmìnira ní Nàìjíríà yìí, ariwo lásán ni, ó wá dà bíi pé ohun kan náà ló ń ṣe èmi àti Nàìjíríà.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, mo kí ẹ, mo kí ìyàwó àtọmọ. Mo ka lẹ́tà ẹ lálẹ́ àná, mo tún kà á láàárọ̀ yìí kí n tó jáde nílé, torí ohun tó wà nínú ẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń jókòó ti àwọn èèyàn tí ẹ̀ṣẹ̀ kan dì mú, ọtí ni o, obìnrin ni o, igbó ni o, tẹ́tẹ́ ni o, ìbéèrè ẹ yìí náà ni gbogbo wọn kọ́kọ́ máa ń bi mí. Jẹ́ kí n dá ẹ lóhùn tààrà ká tó máa ṣàlàyé. Tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ lo gba Jésù ní 2014, o ti dòmìnira. Wọ́n ti tú ẹ sílẹ̀. O ṣì mọ ọ̀nà oko olówó ni, ẹsẹ̀ ẹ sì máa ń gba ibẹ̀ lọ.

Ìwọ náà á ti gbọ́ nípa ìwọ̀fà lẹ́nu àwọn àgbà. Láyé àwọn bàbá wa, téèyàn bá fẹ́ yáwó, bóyá ìnáwó òkú ló bá a lójijì tàbí ẹjọ́, ó lè fi ara ẹ̀ tàbí ọmọ ẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó, kó máa bá olówó ṣiṣẹ́ lóko títí dọjọ́ tí wọ́n máa rówó náà san. Ibi tó ti le níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe kì í dín owó náà kù. Èlé ni iṣẹ́ yẹn. Kó kọ ebè fọ́dún mẹ́wàá, kó kọ ọ́ títí ọwọ́ ẹ̀ á fi le bíi pákó, iye tí wọ́n yá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ṣì wà nílẹ̀ géérégé. Àfi kí ẹnìkan gbé ojú owó wá, kó kà á lé olówó lọ́wọ́ níṣojú ẹlẹ́rìí, kí wọ́n sì mú ọmọ wọn lọ sílé. Ohun tí Jésù ṣe fún ẹ nìyẹn, Pétérù sì sọ ọ́ nínú ìwé ẹ̀ àkọ́kọ́ orí kìíní pé kì í ṣe fàdákà tàbí wúrà ni wọ́n fi rà wá padà, ẹ̀jẹ̀ Kristi ni.

Wá wo ìwọ̀fà kan tí àbúrò bàbá ẹ̀ ti lọ bá a sanwó lánàá, tó ti sun inú ilé ara ẹ̀ mọ́jú, àmọ́ tí àkùkọ kọ tó gbé ọkọ́ lé èjìká, ó di oko olówó. Ta ló ní kó lọ? Olówó ò ránṣẹ́ sí i, tó bá sì ránṣẹ́ náà, kò láṣẹ lórí ẹ̀ mọ́. Ó kàn jẹ́ pé láti kékeré ló ti ń jí lọ síbẹ̀ ni, ara ẹ̀ ò tíì gbọ́ pé wọ́n ti sanwó.

Mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Arákùnrin kan wá bá mi ní ọ́fíìsì lórí ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ yìí kan náà, bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni fóònù ẹ̀ dún, álẹ́ẹ̀tì owó iṣẹ́ ló wọlé. Àtàǹpàkò ẹ̀ ni mò ń wò. Kò tíì ka iye tó wọlé tán tí àtàǹpàkò yẹn ti ṣí àápù tẹ́tẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹnu ẹ̀ ṣì ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ, kò mọ̀ pé òun ṣe é. Ìgbà tí mo bi í pé kí lo ṣí yẹn ló tó wo ojú fóònù, ó dákẹ́, omi bọ́ lójú ẹ̀. Onígbàgbọ́ ni ọkùnrin yẹn o, mi ò sì ṣiyèméjì lórí ẹ̀ títí dòní. Ìdí tí Pọ́ọ̀lù fi kọ ọ́ sí àwọn tó ti gbàgbọ́, kì í ṣe sí àwọn kèfèrí, nínú Róòmù orí 6 nìyẹn, pé ẹni tí ẹ bá jọ̀wọ́ ara yín fún láti máa gbọ́ tirẹ̀, ẹrú ẹni náà lẹ̀ ń ṣe. Ó mọ̀ pé ẹni tí wọ́n ti tú sílẹ̀ ṣì lè gbé ara ẹ̀ fún olówó àtijọ́. Torí ẹ̀ náà ló ṣe sọ fún àwọn ará Gálátíà pé kí wọ́n dúró ṣinṣin nínú òmìnira, kí wọ́n má tún fi ọrùn bọ àjàgà ẹrú mọ́.

Ohun kan tún wà nínú ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà yẹn tó bá tẹ́tẹ́ mu gan-an. Mo mọ̀ láìjẹ́ pé o sọ fún mi pé kì í ṣe ojúkòkòrò ló dá ẹ padà nígbà tó kẹ́yìn, o fẹ́ gba owó tó ti lọ padà ni. Gẹ̀mù kan ṣoṣo ló gé tíkẹ́ẹ̀tì, tí gbogbo owó tó o fi ta á fi lọ, o ní tí n bá tún ta ẹyọ kan sí i màá rí owó ọmọ yẹn dá padà. Ìwọ̀fà tó ń kọ ebè sí i kí gbèsè lè tán nìyẹn. Gbèsè yẹn ò ní tán láéláé lọ́nà bẹ́ẹ̀, wọn ò ṣètò ẹ̀ kó tán.

Ó wá ku Nàìjíríà tí o ní ohun kan náà ló ń ṣe ẹ̀yin méjèèjì. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀. Ní òru tí September 30 di October 1, 1960, ní Race Course l'Ékòó, ibi tó di Tafawa Balewa Square lónìí, wọ́n sọ àsíá Òyìnbó kalẹ̀, wọ́n sì fa aláwọ̀ ewé àti funfun sókè, èyí tí Táíwò Akínkùnmí yà nígbà tó ń kàwé ní London. Tílẹ̀ mọ́, Princess Alexandra tó ṣojú Ọbabìnrin gbé ìwé òmìnira lé Tafawa Balewa lọ́wọ́. Ìyẹn ṣẹlẹ̀, kì í ṣe eré orí ìtàgé. Síbẹ̀ títí di October 1, 1963, Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ni olórí wa lórí ìwé, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún wa sì wà ní London. Nígbà tí Akíntọ́lá àti Adégbẹ́nró ń du ipò Premier níhìn-ín ní Ìwọ̀-Oòrùn, London ni ẹjọ́ náà parí sí ní 1963, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tá a ti jó tá a ti yọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Òyìnbó kọ́ ló ń gba rìbá láàárín wa lónìí, àwa fúnra wa ni. Ṣó o rí i, ọjọ́ kan là ń gba òmìnira, àmọ́ gbígbé inú ẹ̀ kì í tán lọ́jọ́ kan. Òru ọjọ́ kan ni Ísírẹ́lì kúrò ní Íjíbítì lẹ́yìn 430 ọdún, Íjíbítì ò tètè kúrò lọ́kàn wọn ní tiẹ̀, torí nínú aginjù ni wọ́n ti jókòó tí wọ́n ń sunkún pé àwọn rántí ẹja tí àwọn ń jẹ lọ́fẹ̀ẹ́, àti apálá, àti bàrà, àti àlùbọ́sà. Lọ́fẹ̀ẹ́! Àwọn tí wọ́n ń fi pàṣán lù, tí wọ́n ń ju ọmọ wọn sódò. Bí tẹ́tẹ́ ṣe máa ń rán ẹ létí nìyẹn náà, tíkẹ́ẹ̀tì kan tó wọlé lọ́dún kìíní ló máa ń fi hàn ẹ́, kì í fi gbogbo èyí tó gé hàn ẹ́.

Àmọ́ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ pé kó má pe òmìnira orílẹ̀-èdè ní ariwo lásán, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Àwọn èèyàn jìyà ẹ̀. Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó jọ ní 1947 sí 1948, ọlọ́jà ló pọ̀ jù nínú wọn, owó orí tí ìjọba ń fi agbára gbà lọ́wọ́ obìnrin ni wọ́n dìde sí, wọn ò sinmi títí Aláké fi fi orí oyè sílẹ̀ ní January 1949. Ìyàwó àlùfáà Áńgílíkà ni ìyá yẹn. Nígbà tí Jésù dìde ní sínágọ́gù Násárẹ́tì tó ka ìwé Àìsáyà pé wọ́n rán òun láti tú àwọn òǹdè sílẹ̀, mi ò rò pé ó yẹ ká sọ pé ẹ̀mí nìkan ló ń sọ, pé èèyàn tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ ò kàn án. Ó kàn án.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí o ṣọ́ra ni pé kí o má sọ fún àwọn ọmọ yẹn pé ohun kan náà ni méjèèjì. Ṣí Jòhánù orí 8. Jésù ní òtítọ́ yóò sọ wọ́n di òmìnira, wọ́n fún un lésì pé irú-ọmọ Ábúráhámù làwọn, àwọn ò ṣẹrú ẹnikẹ́ni rí. Ẹ ẹ̀ ṣẹrú rí kẹ̀? Íjíbítì ńkọ́? Bábílónì ńkọ́? Ọjọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ yẹn gan-an, Róòmù ló ń gba owó orí lọ́wọ́ wọn. Ohun tó sì máa ń yà mí lẹ́nu ni pé Jésù ò bá wọn jiyàn lórí Róòmù. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá ń dẹ́ṣẹ̀, ẹrú ẹ̀ṣẹ̀ ni, bí Ọmọ bá sì sọ yín di òmìnira, ẹ ó di òmìnira nítòótọ́. Ó fi hàn wọ́n pé olówó kan wà tí àsíá ò lè lé lọ. Róòmù lè lọ lọ́la kí olówó yẹn ṣì wà nínú ilé.

Ẹni tó mọ èyí jù nínú ìran wa, lójú tèmi, ni Àjàyí Crowther. Tó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ bá àwọn ọ̀dọ́ yẹn sọ̀rọ̀, òun ni màá fi gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà sọ. Ní 1821 ni wọ́n kó o l'Óṣoògùn, ọmọdé ni, bí ọdún méjìlá. Wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin, wọ́n tún tà á lọ tà á bọ̀, ìbànújẹ́ bá a débi pé ó gbìyànjú láti fún ara ẹ̀ lọ́rùn pa lóru. Ní April 1822 wọ́n kó òun àtàwọn mìíràn sínú ọkọ̀ àwọn Potogí l'Ékòó, kò sì pẹ́ tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi mú ọkọ̀ náà. Wọ́n wá kó òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan sínú ọkọ̀ tó ń jẹ́ Myrmidon. Òmìnira dé nìyẹn. Àmọ́ fetí sí ohun tó ṣẹlẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́ sínú lẹ́tà ní 1837. Nígbà tí wọ́n dénú ọkọ̀ yẹn, wọ́n rí ẹran tí wọ́n so kọ́, awọ ẹ̀ funfun, wọ́n sì rí nǹkan roboto roboto tí wọ́n tò sílẹ̀. Wọn ò rí àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kó síbẹ̀ ṣáájú wọn. Ni wọ́n bá gbà pé wọ́n ti pa wọ́n jẹ ni, ẹran ara wọn ló rọ̀ yẹn, orí wọn ló wà nílẹ̀ yẹn. Ẹ̀rù bà wọ́n. Ẹlẹ́dẹ̀ ni o. Ní ilé wa wọ́n máa ń fi iná wi ẹlẹ́dẹ̀ kí irun ẹ̀ lè lọ ni, wọn ò rí èyí tí awọ ẹ̀ funfun báyẹn rí, àfìgbà tí wọ́n sún mọ́ ọn tí wọ́n rí pátákò tó là sí méjì. Àwọn nǹkan roboto yẹn sì jẹ́ ọta àgbá, irin lásán.

Mo ti ka ibẹ̀ yẹn láìmọye ìgbà, kì í sú mi. Ọmọ tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ni, tó ń gbọ̀n lọ́wọ́ ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa la ṣe bẹ́ẹ̀ sí Ọlọ́run, a rò pé tá a bá sún mọ́ ọn pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ̀ tó wà lọ́wọ́ wa ó máa jẹ wá run, la bá ń sá fún un, ẹni tó san gbèsè là ń sá fún. Ìdí tí o fi dáwọ́ dúró ní kọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà, tí o tún fi ṣubú ní kọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà, tí ẹnì kankan ò mọ̀, mo rò pé òun náà nìyẹn.

Ìtàn náà ò sì tán síbẹ̀. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Sàró, ìyẹn Sierra Leone, ní June 1822, ó kọ́ ìwé, ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, kò sẹ́ni tó ń nà án mọ́. Ọmọ òmìnira ni lójú òfin. Ó wá kọ ọ́ nínú lẹ́tà yẹn kan náà pé ó tó bí ọdún kẹta tí wọ́n ti tú òun sílẹ̀ lóko ẹrú èèyàn kí òun tó rí i pé òun ṣì wà nínú oko ẹrú mìíràn tó burú jùyẹn lọ, ti ẹ̀ṣẹ̀ àti Sàtánì. Ní December 11, 1825 ló ṣèrìbọmi. Ẹni tó ti wọ ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ̀ rí lọ́rùn ló ń sọ pé òmìíràn burú jù ú lọ o, kì í ṣe oníwàásù tó jókòó sínú afẹ́fẹ́ ẹ́síì. Nígbà tí ọkùnrin yẹn wá bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, Ìwé Róòmù jáde ní 1850, ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ jáde. Orí kẹfà tí mo ń kà fún ẹ lókè yẹn, ẹni tí wọ́n ti tà rí ló kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún un. Mi ò sì ní parọ́ fún ẹ pé àwọn Òyìnbó tó gbà á sílẹ̀ ló mọ́ jù, àwọn náà ti kó ẹrú púpọ̀ kí wọ́n tó fòfin dè é ní 1807, wọ́n gba Èkó ní 1861, àwọn míṣọ́nnárì kéékèèké sì rí Crowther fín ní 1890 nígbà tó ti di arúgbó bíṣọ́ọ̀bù. Kò torí ìyẹn fi Kristi sílẹ̀.

Ó yá, ọ̀rọ̀ tìẹ. Sọ fún ìyàwó ẹ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Lálẹ́, tọ́mọ bá ti sùn, pa tẹlifíṣọ̀n, jókòó tì í, sọ iye owó náà gan-an, má bu nǹkan kan kúrò níbẹ̀, má sì fi àlá tàbí iṣẹ́ ọ̀tá ṣàlàyé ẹ̀. Ó lè bínú fọ́jọ́ mélòó kan, ó lẹ́tọ̀ọ́, má bá a jà. Lẹ́yìn náà gbé káàdì ATM ẹ fún un, kí àwọn oníbàárà sì máa san owó iṣẹ́ sí àkáǹtì tirẹ̀ fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, ìwọ á máa gba owó mọ́tò àti owó páátì jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo mọ̀ pé ó lè dà bí ìtìjú fún ọkùnrin, àmọ́ ìwọ náà ronú nípa àtàǹpàkò tí mo sọ yẹn. Ọ̀pọ̀ ilé tẹ́tẹ́ ló ní ibi tí èèyàn ti lè ní kí wọ́n ti àkáǹtì òun pa, ṣe é, má kàn yọ àápù kúrò lórí fóònù, torí ìṣẹ́jú méjì ló máa fi padà. Jáde nínú gbogbo gúrúùpù tí wọ́n ti ń fi gẹ̀mù ránṣẹ́. Ọjọ́ Sátidé ni kí o ṣọ́ jù, má lọ síbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù fún ìgbà díẹ̀, wá iṣẹ́ sí wákàtí yẹn, tàbí kí o lọ sí ìdánrawò kúáyà. Wá ẹnìkan ṣoṣo, ọkùnrin tó dàgbà jù ẹ́ lọ nínú ìjọ, tí wàá máa pè nígbà tó bá ń gbóná lára ẹ, kì í ṣe lẹ́yìn tó o bá ti ta á tán. Jákọ́bù ní kí a máa jẹ́wọ́ fún ara wa kí a sì máa gbàdúrà fún ara wa kí a lè rí ìwòsàn, mo sì ti rí i pé ẹ̀ṣẹ̀ tẹ́nìkan bá ti mọ̀ nípa ẹ̀ kì í lágbára tó ti kọ̀rọ̀ mọ́. Gba ààwẹ̀ tí o bá fẹ́, ó dáa, àmọ́ má fi ààwẹ̀ rọ́pò ìjẹ́wọ́ o. Tó bá sì jẹ́ pé gbèsè yìí ti ń mú ẹ ro ikú, bó ṣe ṣe Àjàyí lọ́jọ́ yẹn, má dúró de Sọ́ńdè, sọ fún ẹnìkan lónìí, kí wọ́n mú ẹ lọ rí dókítà. Àwọn tó ń tọ́jú irú ẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn UCH níbẹ̀ n'Íbàdàn, onígbàgbọ́ tó bá lọ síbẹ̀ ò dẹ́ṣẹ̀ kankan.

Ní ti ọ̀rọ̀ October 1, lọ bá pásítọ̀ yín kí o sọ ohun tí o sọ fún mi fún wọn, kí àwọn pinnu. Tí wọ́n bá ní kí ẹlòmíràn sọ ọ́ lọ́dún yìí, gbà, kò já mọ́ nǹkan kan. Tí wọ́n bá ní kí o ṣì sọ ọ́, sọ ìtàn Àjàyí àti ti ẹlẹ́dẹ̀ yẹn, kí o sì sọ fún wọn pé ìwọ náà ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé nínú òmìnira. Má sọ iye owó, má sọ ti ìyàwó ẹ lórí pẹpẹ, ìyẹn kì í ṣe tàwọn ọ̀dọ́.

Tí ìwọ àti ìyàwó ẹ bá ti sọ̀rọ̀ tán, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi, màá fún yín ní àkókò tá a máa jókòó, ẹ̀yin méjèèjì. Kọ gbogbo gbèsè náà sórí bébà kan ṣoṣo, èyí tó o jẹ ní ṣọ́ọ̀bù, èyí tó o yá lórí fóònù, èyí tó o jẹ oníbàárà, kí o sì mú un dání wá.